Ohùn Tí Òwú Gbé Mì

Kí Bàbá àgbà tó wọ kíláàsì láti gbá a, wọ́n á kọ́kọ́ fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn, kí wọ́n tó wọlé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti lọ sílé, àga ti wà lórí tábìlì, kò sí ẹ̀dá kan nínú kíláàsì náà. Síbẹ̀ wọ́n á kàn án. Kó, kó. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sín wọn jẹ, wọ́n ní bàbá agbálẹ̀ ń kí iwin. Èmi kì í dá wọn lóhùn, nítorí ẹnu mi kì í yá níwájú ènìyàn, àti nítorí pé èmi náà kò mọ ẹni tí bàbá tó bí ìyá mi ń kí.

Mo bi ìyá mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ká aṣọ tó ti gbẹ.

"Màámi, ta ni Bàbá ń kan ilẹ̀kùn fún?"

"Àṣà iṣẹ́ ni. Ẹni tó fi ogún ọdún gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ṣé ó lè gbàgbé kíkàn ni? Gba, ká èyí. Ojú rẹ ti pọ̀ jù, ìwọ ọmọ yìí."

Àṣà iṣẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí Bàbá ti sọ fún olùkọ́ kan ní ilé-ìwé wa, ogójì ọdún ni wọ́n sì fi gbé e mì. Bí wọn kò bá sọ ọ́, orúkọ òkú kan yóò máa bàjẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n sọ létí mi ni mo kọ síbí, àti èyí tí mo fojú ara mi rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá nígbà tí wọ́n gbà wọ́n sí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà lódìkejì odò. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n sì gbà padà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ènìyàn lè rò pé kò sí ìmọ̀ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá kò gbà. Wọ́n ní bí òwú bá ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, ó ń yọ ìyẹ́ bí adìẹ ni. Ìyẹ́ náà á fò títí, á bà sílẹ̀, á sì kó sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá gbá a, iná lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í tìtorí agbálẹ̀ pa ẹ̀rọ. Agbálẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò na ìgbálẹ̀ sábẹ́ irin tó ń lọ tó ń bọ̀.

Nítorí náà wọ́n ní òfin kan. Kí o tó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, fi igi ìgbálẹ̀ kan irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ahunṣọ tó dúró níwájú ẹ̀rọ náà kò lè rí ọ, ṣùgbọ́n á fi bàtà kan irin lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé mo gbọ́, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ kíkàn náà, kì í ṣe etí. Bí ìdáhùn kò bá wá, má ṣe na ọwọ́.

"Agbálẹ̀ tí kò bá kan ẹ̀rọ," Bàbá máa ń wí, "ẹ̀rọ ni yóò kàn án."

Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kóòṣì wọn jẹ́ fọ́máànù ní ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Lọ́jọ́ kan ó tẹjú mọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, tí ojú wọn ń lọ káàkiri ilẹ̀, tí kò sí ìyẹ́ òwú kan tó lè sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó pè wọ́n.

"Ìwọ, wá. Àwọn adèyìnmú mi ń jò bí agbọ̀n. Lọ dúró lẹ́yìn wọn lórí pápá. Ohunkóhun tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbá a dànù."

"Kóòṣì, n ò mọ bọ́ọ̀lù gbá o."

"Ta ló bá ọ sọ bọ́ọ̀lù? Ilẹ̀ ni mo ní kí o wá gbá!"

Súwípà, ìyẹn agbálẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń pe ẹni tó bá dúró níbẹ̀. Kì í mú ẹnì kankan. Ó wà láàárín àwọn adèyìnmú àti gólì tó ń ṣọ́ ilé, ó ń rí gbogbo pápá bí ẹni wo inú àwo. Ohun tí àwọn yòókù bá jẹ́ kó kọjá, òun ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí pé òun ló ń rí i, òun ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá ní adèyìnmú lè yadi kó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n súwípà tó yadi ń wá wàhálà fún gbogbo ilé. Ohùn Bàbá nígbà yẹn, wọ́n ní ó máa ń dé ẹnubodè ilé-iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ wọ́n ní Ìgbálẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pe gólì wọn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun, àti nítorí òwe tó ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Mo mọ̀ pé ìbá ti di bàbá arúgbó báyìí, ó sì yẹ kí n máa bu ọlá àgbà fún un, ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ nígbà tó kú, kò tíì kúrò níbẹ̀. Òun ló ń hunṣọ lórí ẹ̀rọ kẹsàn-án. Lábẹ́ ẹ̀rọ kẹsàn-án, bàtà rẹ̀ ló máa ń dá Bàbá lóhùn. Lórí pápá, òun ló máa ń bèèrè. Bí bọ́ọ̀lù bá fò wá sáàárín àwọn méjèèjì, á ké pé, "Tìẹ ni àbí tèmi?" Bàbá á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Tèmi ni!", Àtẹ́lẹwọ́ á dúró sójú ilé. Bí wọ́n bá ní, "Tìẹ ni!", Bàbá á yà fún un. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò kọlu ara wọn rí.

Gbogbo àgbà àdúgbò wa ló mọ bó ṣe parí. Nínú ìdíje àwọn òṣìṣẹ́, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, gólì sáré jáde, orúnkún súwípà gbá a ní ẹ̀bátí. Ó dìde, ó fi omi bọ́jú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà parí. Wọ́n borí. Nínú lọ́rì tó ń gbé wọn bọ̀ ó ní oorun ń kun òun, ó gbé orí lé èjìká Bàbá. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè ilé-iṣẹ́, wọ́n jí i títí, kò jí. Máníjà ṣe ìwádìí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé súwípà pè é, gólì ni kò gbọ́.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn. Títí di òní, bí ọmọdé bá fẹ́ sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì, àgbà á jágbe pé, "Ẹ wo elétí gólì yìí!" Èmi náà ti sọ ọ́ rí. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni etí náà.

Àtẹ́lẹwọ́ fi ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì sílẹ̀. Ọmọ náà ni olùkọ́ eré-ìdárayá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Fèrè, nítorí fèrè kì í kúrò lọ́rùn wọn. Nígbà tí Bàbá gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé-ìwé wa lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí wọ́n sì rí Tíṣà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n darí wálé lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé Tíṣà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọn.

Ohun mìíràn tí mo tún ṣàkíyèsí ni pápá. Igi ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gbọn ewé dànù. Bàbá ń gbá gbogbo ewé náà pátá, àfi ibì kan níwájú ilé bọ́ọ̀lù tó wà lápá ìsàlẹ̀. Kò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ. Ewé jẹrà níbẹ̀ lọ́dọọdún, wọn kì í fi ìgbálẹ̀ kàn án. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo padà lọ mú ìwé tí mo gbàgbé, mo rí wọn níbẹ̀. Wọ́n dúró sí etí ewé náà. Ẹnu wọn là, ó pàdé, ó tún là, bí ẹnu ẹja. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sá lọ láìmú ìwé.

Lọ́dún yìí ni Tíṣà Fèrè dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwa ọmọbìnrin. Wọ́n fi ọmọ kan tí à ń pè ní Péńpé ṣe gólì, nítorí pé bí ó ti kúrú tó, ó ń fò bí ológbò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síwájú ilé.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí. O gbọ́ mi? Bí ilé ń jó, dúró níbẹ̀."

"Tíṣà, bí ilé bá ń jó ńkọ́, ṣé kí n jóná ni?"

"Jóná níbẹ̀."

Èmi ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn, wọ́n ní mo máa ń tètè rí bọ́ọ̀lù. Ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi bá bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ-ọmọ agbálẹ̀ kẹ̀! Ogún ìdílé ni!" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ń rí bọ́ọ̀lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ni n kò lè pa. Bí mo bá fẹ́ ké, ọ̀rọ̀ náà á dé ẹ̀yìn eyín mi, á jókòó.

"Ọ̀rẹ́ mi," Péńpé bi mí lọ́jọ́ kan, "ṣé wọ́n kàn fi ẹnu yẹn ṣe ọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ni?"

Ní ọjọ́rú kan a ń ṣe ìdánrawò. Bàbá wà lẹ́bàá ọgbà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn. Bọ́ọ̀lù kan ga sókè, ó sì ń bọ̀ láàárín èmi àti Péńpé. Ó gbàgbé ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo ya ẹnu kí n ké pé tèmi ni. Kò sí ohun tó jáde. Mo fò, orúnkún mi bà á lójú, ó ṣubú bí àpò.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nímú rẹ̀. Tíṣà Fèrè sáré dé, ojú wọn ti funfun.

"Mo ní kí o má jáde! Mo sọ fún ọ! Etí gólì! Etí gólì ni ìwọ náà ní!"

Ni wọ́n bá fi ọwọ́ bo ẹnu ara wọn. Kò sí àgbà tó jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú Tíṣà rí. Mo gbọ́ tí igi ìgbálẹ̀ ṣubú lẹ́bàá ọgbà. Bàbá ń bọ̀, wọ́n gba orí ewé jíjẹrà yẹn kọjá láìwo ilẹ̀.

"Ẹ má bá ọmọ náà wí, Tíṣà. Ilé ìwòsàn ni ká gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó sùn o. Ẹ jọ̀ọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó sùn!"

Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, yàtọ̀ sí awakọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Bàbá di ọwọ́ Péńpé mú.

"Ka ìsọdipúpọ̀ méje fún mi."

"Bàbá, orí ń fọ́ mi, ẹ tún ń bi mí ní ìṣirò!"

"Kà á, ọmọ mi. Méje lọ́nà kan?"

"Méje." Ó sunkún díẹ̀. "Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá."

Dókítà wò ó, ó ní imú nìkan ló fara pa, ṣùgbọ́n kó dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí àwọn máa ṣọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í. Àwa mẹ́ta jókòó síta lórí àga gígùn, ara ògiri níwájú wa funfun, ó ń rùn fún oògùn ìfọlẹ̀. Mo wà láàárín Bàbá àti Tíṣà. Mo sọ fún Tíṣà pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé n kò pè é. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́.

"Gólì ló yẹ kó dúró sílé," ni Tíṣà wí. "Wọ́n pe bàbá mi, kò gbọ́. Èmi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kú irú ikú yẹn."

Bàbá fi ọwọ́ kan àga lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó. Mo yíjú wò wọ́n.

"Ó gbọ́," ni wọ́n wí. "Kò sóhun tó ń ṣe etí bàbá yín. N kò pè é."

Tíṣà yíjú sí wọn.

"Àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó ń gbá yàrá tí wọ́n ti ń ya òwú kò wá. Fọ́máànù yàrá náà ní kí n bá a gbá a. Yàrá yẹn, ẹnìkan kì í wọ ọ́ láìfi aṣọ bo imú àti ẹnu. Aṣọ mi wà lórí ìṣó, mo rí i. Mo ní kí n yára, kí lọ́rì má baà fi mí sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa jáde, òwú ti gbé ohùn mi lọ. Mo mu omi gbígbóná, mo hú ikọ́, pàbó. Bí mo bá sọ fún kóòṣì, kò ní jẹ́ kí n wọ pápá, bẹ́ẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá ni. Mo dákẹ́. Nínú lọ́rì bàbá yín ń bi mí pé, 'Ìgbálẹ̀, o dákẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kí ló dé?' Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín ni mo rín sí i."

Wọ́n nu ẹnu wọn.

"Bọ́ọ̀lù ga. Ó bèèrè. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń bèèrè: tìẹ ni àbí tèmi? Mo ya ẹnu. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé mo fi í sílẹ̀ fún òun ni."

"Ẹ sọ fún máníjà pé ẹ pè é."

"Wọ́n bi mí bóyá mo pè é. N kò tíì ní ohùn nígbà yẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mi orí."

"Mo mi orí. Nígbà tí ohùn mi fi máa padà, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní ọ̀la ni n óò sọ ọ́. Ọ̀la ni mo ń sọ títí dòní. Kò sí kíláàsì tí mo kàn tí n kì í gbọ́ ọ pé ó ń bèèrè. Níwájú ilé bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti ń ké jù."

Tíṣà ti bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn wọn, wọ́n ń yí okùn rẹ̀ mọ́ ìka, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń yí i.

"Ìyá mi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Wọ́n máa ń sọ pé ọkọ àwọn ò jẹ́ fetí sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti kú ni wọ́n ń bá jà títí tí àwọn náà fi kú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí ní ọmọ yín." Wọ́n dìde. "Èmi á dúró ti Péńpé. Ẹ máa lọ sílé."

A rìn lọ sílé. Lọ́nà ni mo ṣàkíyèsí pé Bàbá kò mú ìgbálẹ̀ dání.

Ní àárọ̀ Sátidé wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí ẹnubodè ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó síbẹ̀ lábẹ́ páànù, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń bú ara wọn. Bàbá fi òkúta kan páànù lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn gbé orí sókè, mo sì rí ẹsẹ̀ arúgbó kan tó mira lábẹ́ tábìlì, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórí àga gígùn yẹn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

"Ìgbálẹ̀, gbogbo wa ti ń kú lọ. Ta ni o wá sọ èyí fún?"

"Ẹ̀yin tó kù ni."

Èkejì kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn na ọmọ mi rí," ni ó wí. "Etí gólì. Mo ń nà án, mo ń sọ ọ́." Ó da ọmọ ayò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò ta mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé Tíṣà Fèrè kó wa jọ sójú ilé bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi bàtà nu ìlà ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti òpó dé òpó. Imú Péńpé ṣì wú.

"Máa jáde. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bèèrè." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, máa dáhùn. Bí ohùn rẹ kò bá dé, gbé ọwọ́ sókè. Bí o bá sì jí tí o ò ní ohùn rárá, wá sọ fún mi kí a tó wọ pápá. Mi ò ní bínú. O gbọ́? Mi ò ní bínú sí ọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo sọ ọ́ sókè.

Tíṣà kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, wọn kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì náà a dé pápá, a rí i pé wọ́n ti gbá ibi tí ewé ti jẹrà yẹn. Ipa ìgbálẹ̀ wà nínú eruku, ó wọ́, ó lọ́, iṣẹ́ ẹni tí kò mọ ilẹ̀ í gbá. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn.

Mo bi wọ́n bóyá ohùn náà ti dákẹ́.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ó ṣì ń bèèrè. Mo ti ń dá a lóhùn ni."

Lánàá mo dúró bá wọn gbé àga. Wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀kùn kíláàsì kẹta lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dúró, wọ́n sì rọra wí pé, "Tèmi ni." Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ láti inú kíláàsì tí kò sí ẹnì kankan: kíkàn kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí bàtà bá kan irin. Ó lè jẹ́ àga ló yẹ̀ lórí tábìlì. N kò bi Bàbá. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti na ìgbálẹ̀ sábẹ́ tábìlì àkọ́kọ́.